Kọ̀ǹpútà Tí Mo Tò Fúnra Mi

Èmi ni mo to kọ̀ǹpútà náà fúnra mi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá mi pín nínú ìtìjú rẹ̀. Mo ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo fídíò lórí fóònù, mo sì tò ó lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Ìyàwó mi ti ní kí a ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Mo ní àwọn tí kò gbọ́n ló ń ra irú ìyẹn. Ẹnu mi mú nígbà yẹn.

Ìyàwó mi ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì tó wà ní Felele, ní Lọ́kọjá níbí. Lórí àwọn àgbẹ̀ òkè Agbaja ló ń kọ ìwé rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó o ní òun gbọ́dọ̀ gbà á. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwàkiwà. Ìyàwó mi á tẹ ojú ewé kan, á fẹ́ bọ́ sí ìkejì, ẹ̀rọ á kú lójijì. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí ó dàbọ̀. Bí a bá tún tàn án, á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún kú.

"Ọkọ mi, ẹ̀rọ yín tún ti sùn," ló máa ń wí, láìgbé ojú sókè.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru iná mọ̀nàmọ́ná. Mo di í ru ooru Lọ́kọjá. Nígbà tó yá, mo di í ru ìyàwó mi, nítorí aṣọ olódòdó tó máa ń dà bo ẹ̀rọ náà bíi tẹlifíṣọ̀n àwọn àgbà.

Ó ní, "Aṣọ tí mo fi bò ó lẹ́yìn tó ti kú, ṣé òun náà ló pa á?"

Ọkùnrin kan wà ní Karaworo tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ Oworo, ó jù mí lọ. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé ẹ̀rọ mi ń kú fúnra rẹ̀, kí ló lè fà á? Èsì rẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀: "Okun." Inú mi dùn. Ògbóǹtarìgì kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Okùn ló bà jẹ́. Mo bá kó gbogbo wáyà inú ẹ̀rọ náà dànù, mo ra òmíràn, mo pààrọ̀ wọn látòkè délẹ̀, títí kan èyí tó so ó mọ́ ògiri. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, tí mo ń súfèé.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tún kú. Mo fi ìbínú gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di Karaworo.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ gbogbo okùn tí ẹ ní kí n pààrọ̀."

"Okùn wo?"

Mo fi fóònù hàn án. Ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. "Àbúrò, mo kí ọ ni. Okun. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Èsì tí mo kọ tẹ̀ lé e ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó lọ."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i. Ìlọrin ni baba ńlá mi ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Lọ́kọjá ni wọ́n bí mi sí, àràárọ̀ ni àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Oworo ń fi "okun" kí mi, tí èmi náà ń kí wọn padà. Ẹni tó ń wá wáyà, wáyà náà ni yóò rí.

Ó tú ẹ̀rọ náà. Irin kan wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó máa ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ó yọ irin yẹn, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó sì nà án sí mi. Ọ̀rá tín-ín-rín kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kí a yọ ọ́ kí a tó lò ó. Mo kà á lọ́jọ́ tí mo ń tò ó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Nílé tiwa, a kì í yọ ọ̀rá ara ohun tuntun. Ọ̀rá àga ìyá mi ṣì wà níbẹ̀ dòní, bí èèyàn bá jókòó á máa ké. Ọ̀rá rìmóòtù wa gbó ju rìmóòtù lọ. Mo rò pé mò ń tọ́jú nǹkan ni. Ooru ò rọ́nà jáde, ẹ̀rọ wá ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Ọkùnrin náà ṣí ọ̀rá dànù, ó fi ìpara díẹ̀ tó ń gbé ooru jáde sí i, ó dè é padà. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí wọ́n fi pe ìrun alásárì, kò kú. Mo sáré gbé e lọ sílé. Ìyàwó mi wà lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́. Dìde, máa tẹ ìwé rẹ lọ."

"Mo ti fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìwé náà láàárọ̀ yìí."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń mú fílàṣì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Felele, ó ń tẹ ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Mo rò pé kíláàsì ló ń lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Inú yín ń dùn sí wáyà," ó ní. "Iṣẹ́ mi ò sì lè dúró de inú dídùn yín."

Ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ rẹ̀ tí mo purọ́ mọ́. Ó fi ẹ̀dà ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ní ojú ewé ìdúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ẹni tó to kọ̀ǹpútà tí òun fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Mo ní irọ́ lèyí. Ó ní òun mọ̀. Òun ti kọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nígbà tí òun wá fẹ́ pa á rẹ́, ọkàn òun ò gbà á.