Ìlà Tí Wọ́n Fi Wọn Ìrora Mi

Láti ìgbà ọmọge mi ni inú ti ń yọ mí lẹ́nu. Á lọ́, á wú, á dì fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò tú bí àgbàrá. Ọ̀gá ilé-ìwé tí mo bá ṣiṣẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń wá mi, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Ọkọ mi sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Àwọn méjèèjì ti kú. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Nígbà tí dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ fún mi pé àìsàn gidi ni, pé ìfun mi kò ní egbò ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹ̀rọ tó lè ya fọ́tò irú ìrora bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí máàkì mi bá ga, òun yóò fi mí ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn dókítà ìfun. Bí kò bá ga, kí n máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló sìn mí lọ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ ìbéèrè náà. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni. Èmi ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, òun ń pè mí ní "ìwọ", n kò sì gbọdọ̀ já a níyàn lójú àlejò. Ìyá àdúrà ni nínú ìjọ Aládúrà. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn ti gbà á mọ́ra nìyẹn.

Ẹnu ni nọ́ọ̀sì fi ń bi gbogbo èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹni tó kàwé. Ó fi ìlà gbọọrọ kan hàn mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí ìrora rárá. Ní òpin rẹ̀, ìrora tí kò ṣeé fara dà.

"Mà, ibo ni tiyín wà?"

Mo na ìka sí ẹ̀bá òpin. Àbúrò ọkọ mi gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ pe ikú ni? Nọ́ọ̀sì, ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Ara rẹ̀ ti yá ní orúkọ Jésù."

"Àmín o, màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì fàmì sí ìbẹ̀rẹ̀. "Ṣé inú yìí ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́?"

"Kí ló fẹ́ dí lọ́wọ́? Ó ń jẹun, ó ń bínú, kí ló kù?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó!"

Ohùn tó fi ń pè mí wá fọ abọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wọn náà ni. Mo pa ẹnu dé.

Dókítà wo ìwé náà, ó kí mi kú oríire. Ó ní tèmi kò le rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n tún bi mí léèrè. Ó wo èrò tó kún ìta, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹni pé ọjọ́ orí mi ń dúró de ọdún kankan.

A kò tíì jìnnà sí Ọjà Igbó, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ padà sílé, tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí lọ́. Mo fara dà á títí a fi kúrò nílùú, kí n tó pariwo pé kí awakọ̀ dúró. Mo sáré wọ igbó pẹ̀lú aṣọ àtàtà tí mo wọ̀ lọ rí dókítà. Níbi tí mo lóṣòó sí ni mo ti ń gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mi.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó wa ni. Kò sí ọjọ́ tí inú yìí kì í dà á láàmú. Á máa ké bí ẹni ń rọbí. Ó le o, ó le gan-an ni."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni gbogbo ọkọ̀ wí.

Mo tún ìró mi ró, mo padà wọ ọkọ̀. Ó sún fún mi.

"Ṣé ara ti fúyẹ́?"

"A dúpẹ́," ni mo wí.