Ẹ̀wù Irin Oyèníyì Aránṣọ

Ta ló ń gbé ní Ṣábẹ tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Oyèníyì aránṣọ dọ̀bálẹ̀ tí kò lè dìde mọ́? Ọjọ́ fẹ́ẹ̀tì òmìnira, nínú oṣù kẹjọ ni. Olóògbé wọ ẹ̀wù irin tó fi páànù àti agolo òróró ṣe fúnra rẹ̀, ó dé àṣíborí lé e, ó ń yan láàrin ìlú, àwọn oní-zémìjàn ń fọn fèrè ọ̀kadà wọn fún un. Àṣé Baba Kamarou, oníṣòwò obì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Baba yìí ló bí Àṣàbí, Àṣàbí yìí sì ni Oyèníyì fẹ́ fẹ́. Ta ni yóò kọjá níwájú baba ìyàwó láì kí i? Gbàgà! Oyèníyì nà gbalaja.

"O ṣeun, ọmọ mi. Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní mo ti jẹ́ ẹ. Dìde."

Kò mira. Inú Baba dùn, ó kọjú sí àwọn aládùúgbò. "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Ẹ wò ó dáadáa!" Ibi tó ti ń yangàn lọ́wọ́ ni ohùn kan ti jáde látinú irin: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ gbé mi dìde."

Aránṣọ ni, ó wọn ara rẹ̀ lóòró bí ẹni fẹ́ rán agbádá. Láti àyà dé ìdí, odidi páànù kan tí kò ṣeé tẹ̀! Wọ́n yí i sórí pusupúsù tí wọ́n fi ń kó iṣu, wọ́n tì í lọ sílé.

"Ẹni tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀," Baba Kamarou wí, "kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe? N kò fún un."

Àṣàbí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Oyèníyì yìí náà ló fẹ́, kò fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó dé àtẹ́líè tí Oyèníyì ti ń ránṣọ, ó bá a tó ń gé páànù.

"Oyèníyì, ṣé orí rẹ pé? O ò tíì fi irin yìí sílẹ̀?"

"Ìbàdí ló kù, Àṣàbí. Ìbàdí nìkan."

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti fẹ́ràn ọkùnrin náà. Tíṣà kan, Madame Élisabeth, gbé aṣọ wá kó bá òun rán búláòsì, Oyèníyì gbé páànù lé obìnrin náà léjìká láti wo bí apá yóò ṣe rí. Ìyẹn kó aṣọ rẹ̀, ó sá. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyá Oyèníyì ló sì fi ṣe àṣíborí. Bí òòrùn bá ti mú, á máa rùn bí irú, àwọn ewúrẹ́ á sì tò lé e lẹ́yìn.

Ó gé páànù ìbàdí wẹ́wẹ́, ó fi rọ́bà táyà rán an léra bí ìpẹ́ akika. Àṣàbí bẹ̀ ẹ́ títí: "Wọ ṣòkòtò lásán lọ bá Baba, mo bẹ̀ ọ́."

"Rárá o. Irin ni mo wọ̀ tí ojú fi tì mí, irin ni n ó wọ̀ padà."

Ó wọ̀ ọ́ lọ síwájú Baba Kamarou, ó dọ̀bálẹ̀. Irin ké, ó tẹ̀, Oyèníyì sì dìde!

Baba Kamarou wò ó. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Òógùn ń ya látinú àṣíborí bí omi ẹ̀rọ. Baba gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ó rín in títí ó fi di àga mú. "Àṣàbí, gbé omi wá fún ọkọ rẹ kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Ibà ló pa Oyèníyì nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ó dun Àṣàbí wọ egungun. Baba kò tẹ̀ lé wọn dé ibojì, àgbà kì í rí sàréè ọmọ. Ìgbà tí àlejò tán nílé Àṣàbí ló tó wá. Ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé àṣíborí náà fún òun. Ó dé e.

"Baba, ẹ bọ́ ọ, ooru ń mú."

"Fi mí sílẹ̀. Ó bá mi mu."

Kò bá a mu rárá, ó bò ó dé àgbọ̀n. Ẹ̀rín pa Àṣàbí, ẹ̀rín tí kò rín láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé èjìká Baba ń gbọ̀n, omi sì ń kán lábẹ́ irin sórí agbádá rẹ̀.

"Ọmọ mi ni," Baba wí látinú ibẹ̀. "Ọmọ mi ni Oyèníyì í ṣe."

Àṣàbí jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.