Àsíá Ọba Lórí Òkú Bàbá Mi

Ariwo tí mo pa níbi òkú bàbá mi, gbogbo ẹbí ló rò pé ẹ̀dùn ọkàn ló fà á. Ẹ̀dùn ọkàn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi figbe ta ni pé àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì ni mo rí tí wọ́n tẹ́ lé e láti àyà dé ẹsẹ̀, àsíá tí èmi fúnra mi lọ̀ ní Sátidé.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní iléèwé kan ní Èmùré. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, nítorí náà nígbà tí etí àsíá iléèwé ya, èmi ni ọ̀gá iléèwé kó o fún. Ó ní, "Bó bá sọnù, iṣẹ́ ẹ náà sọnù nìyẹn." Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, àjọ̀dún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kù sí dẹ̀dẹ̀, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá wo bí àwọn ọmọ ṣe máa yan. Mo gbé àsíá wálé sí Ìsẹ̀, mo rán an, mo lọ̀ ọ́. Òrùlé ibi tí mo ń gbé ní Èmùré ń jò, ni mo bá fi í sínú àpótí mi ní yàrá ìyá mi, mo ní màá wá mú un ní Sátidé tó ń bọ̀.

Bàbá mi kò mọ̀ pé ó wà nílé. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá lé èmi àti àsíá síta. Wolé-wolé rí ìdin ẹ̀fọn nínú ìkòkò omi rẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì ní kó lọ máa gbálẹ̀ ọ́fíìsì àjẹ́lẹ̀ ní Adó fún ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́ òpó àsíá ló ti gbálẹ̀ ọ̀hún, lójú àwọn àna rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko kòkó méjì! Láti ìgbà náà, bó bá rí àsíá lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti ṣàlàyé ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ fún un, pé àgbélébùú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ kan lókè òkun. Ó bi mí pé, "Èwo ni ti ulé wa níbẹ̀?"

Ọjọ́rú ni àìsàn tó ti ń bá a jà pa á, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí ní Èmùré. Nínú ẹbí wa, ọmọ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú aṣọ tuntun kan wá láti fi bo bàbá rẹ̀, wọn á nà án sókè kí èrò rí i kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá ní aṣọ níbẹ̀, títí ayé ni wọn yóò máa fi bú u. Ìyá mi kò fẹ́ kí ojú tì mí, ló bá ṣí àpótí mi. Ó rí aṣọ tó nípọn, aláwọ̀ mẹ́ta, tí a lọ̀ tí a sì ká dáadáa. Kò rí àsíá nítòsí rí láyé rẹ̀. Ó gbà pé mo ti rà á pamọ́ nítorí àìsàn bàbá mi.

Bí mo ṣe sọ̀ nínú lọ́rì ni mo gbọ́ ohùn àbúrò bàbá mi láti inú ilé: "Aṣọ tíṣà rèé o!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní tíṣà ṣe bẹbẹ. Kí n tó wọlé, wọ́n ti tẹ́ ẹ. Mo rí i, mo pariwo.

Nígbà tí ariwo mi rọlẹ̀, mo fa àbúrò bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ gbà mí, àsíá ìjọba nìyẹn. Wọ́n á lé mi níṣẹ́. Bàbá gan-an kò ní fẹ́ ẹ."

Ó wo àsíá, ó wò mí. Òun náà mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

"Ọmọ mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "aṣọ tí a bá ti nà lójú èrò, kì í kúrò lára òkú padà sí ulé. Bí o bá ká a, uhòhò lo tú aba rẹ sí. Ṣé wàá ká a?"

Mo wo ìyá mi. Ó ń sunkún, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, torí ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. N kò lè ká a. Wọ́n kan pósí, mo dúró, mo ń gbọ́ gbogbo ìṣó.

Ìgbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá iléèwé, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin kí n fi wá àsíá mìíràn. Mo tọrọ kíjìpá lọ́wọ́ ìyá mi, funfun àti aláró, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Mo ní iṣẹ́ iléèwé ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ra aṣọ pupa ní Ìkẹ́rẹ́, bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ṣe rán gbogbo àgbélébùú náà. Nígbà tí wọ́n fà á sókè ní Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, ó wúwo débi pé afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Àjẹ́lẹ̀ wò ó, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. Kíjìpá ìyá mi ni òyìnbó ń kí!

Nígbà tí àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun dé, ọ̀gá iléèwé dá tèmi padà fún mi, mo kó o sísàlẹ̀ àpótí. N kò sọ òtítọ́ fún ìyá mi rí. Nígbà tí àìsàn wá dá òun náà gúnlẹ̀, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Irú aṣọ tí o fi bo aba rẹ," ó ní, "òun ni kí o fi bò mí o. Kò sí èyí tó dára tó o níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, yèyé mi, ó wà nílé."

Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo kó àsíá kíjìpá náà jáde. Àbúrò bàbá mi, tí ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà náà, dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nà án sókè. "Aṣọ tíṣà rèé o," ó ní.