Géètì Ṣí, Ìlà Abẹ́rẹ́ Tú

Ọdún kejì tí àrùn kòrónà wọ̀lú ni, nígbà tí àwọn èèyàn ti ki ìbòmú bọ àpò, tí a ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa, mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn ọjọ́ tí a fi agbára ṣí géètì ọgbà pákó. Orúkọ mi ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Inú mi ń dùn sí i, n kò ní purọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ń parí ìtàn náà kọ́ ló parí sí.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ní Mushin, kí bàbá mi tó ní kí n wá ru pákó. Oníwèé mẹ́rin yìí ló kọ́ àwọn tó ka mẹ́rìndínlógún bí a ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀. Láti Makoko lọ títí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà tí wọn kò mọ Kọ́lá. Mo ti bá ọlọ́pàá fa ọ̀rọ̀, mo ti bá agbẹjọ́rò fà á. Mo ti mú kí wọ́n dá gẹdú tó gúnlẹ̀ padà sórí omi nítorí pé wọ́n gbá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan létí. Bí mo bá pe ìpàdé, ẹ̀rọ kankan kì í dún. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojo kọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Rájí, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ẹnìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ìlagi. Èmi wà níwájú, òun wà lẹ́yìn; èmi ń fà, òun ń tì. Nínú ariwo yẹn, ẹnu kò wúlò, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, á ti gẹdú. Bí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, á dúró, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, tèmi náà pé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fúnmi, ọmọ tíṣà ní Yaba, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá sábẹ́ àtíbàbà wa ní gbogbo Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọkùnrin di akúra. Àwọn mìíràn ní bí o bá gbé gílóòbù lé ojú ibi tí wọ́n gún, á tàn. Ọmọbìnrin náà jókòó, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì," mo ní, "ẹ gún mi níbi tí gbogbo ayé á ti rí i."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí mo ṣì ń gbé gẹdú, tí ìyàwó mi kò sì wá fẹjọ́ mi sùn ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

"Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ṣé gílóòbù ti ń tàn lápá yín?"

"Ì bá tàn, iná ni wọn ò mú wá!"

Ẹ̀rín la fi ń gba abẹ́rẹ́ nígbà náà. Ìlà náà ń gùn láti inú àtíbàbà dé ibi tí a ń to pákó sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wa.

Àwọn kan ṣì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Rájí ní tirẹ̀ kò kọ̀, ó kàn ń sún un síwájú ni. Ọkùnrin tó ń ti gẹdú tó fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn lọ, abẹ́rẹ́ tíntín ń bà á lẹ́rù. Bí a bá bi í, á ní, "Ọjọ́rú tó ń bọ̀." Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣùkúrà, tó ń yan ẹja ní Makoko, sọ fún un lójú gbogbo wa pé, "Bàbá Ṣùkúrà, ṣé Ọjọ́rú tiyín ò sí nínú ọ̀sẹ̀ ni?" Gbogbo ọgbà ló rẹ́rìn-ín. Ojú ti Rájí, ó búra pé Ọjọ́rú yẹn gan-an ni òun máa na apá.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà la débi iṣẹ́ tí a bá ìwé kan lára géètì. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ni ọgbà ti gbọ́ pé ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa fi káàdì àjẹsára hàn kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì, làwọn náà bá fẹ́ di ìjọba. Ẹni tí kò bá ní káàdì kò ní wọlé.

Bẹ́ẹ̀, káàdì ti tán lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láti bí oṣù kan. Orúkọ wa wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ègé bébà lásán ló kọ fún ọ̀pọ̀ wa pé ká mú un dání ná. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò gba bébà. Báyìí ni àwa tí a ti gba abẹ́rẹ́ ṣe dúró síta, tí àwọn tí kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn wọ́n rí ń wọlé, nítorí wọ́n ti sáré lọ ra káàdì lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ọ̀kan nínú wọn na tiẹ̀ sí mi lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gba abẹ́rẹ́, èmi ni mo gba káàdì. Nínú àwa méjèèjì, ta ló gbọ́n?"

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti yí. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rín tò tẹ́lẹ̀ ń bi ara wọn léèrè pé bí oògùn bá dára, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi oúnjẹ ọmọ ẹni halẹ̀ mọ́ni kí a tó lò ó? Bàbá kan tó ń pọ́n eyín ayùn ní, "Ẹran tí wọ́n bá ń fi okùn wọ́ lọ síbi koríko, koríko kọ́ ló wà níbẹ̀." Gbogbo wa mi orí. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Àwọn ìgbìmọ̀ gbàgbé.

Mo pe ìpàdé síwájú géètì. Mo ní pákó kan kò ní jáde, kódà lọ́wọ́ ẹni tó ní káàdì, títí wọn yóò fi ya ìwé yẹn. Ohun tí mo kọ́ wọn ní kí wọ́n máa pariwo ni pé, "Káàdì là ń bá jà, a ò bá abẹ́rẹ́ jà." Ó gùn jù lẹ́nu. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gé e kúrú: "A ò fẹ́! A ò fẹ́!" Ó dùn létí, ó ń mi ilẹ̀ tìtì. N kò bi wọ́n pé kí ni wọn ò fẹ́.

Ní Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì Fúnmi dé pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Èrò dí i lọ́nà.

"Òun ló ń kọ orúkọ wa fún wọn! Ẹ dá a padà!"

"Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá," ó ń pè mí, "ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá ti káàdì wá o. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Ẹni tó bá wù nìkan ni kó wá."

Rájí jáde láàárín èrò. Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé èjìká. Ariwo pọ̀, kò lè bi mí ní nǹkan kan, ó kàn wò mí bó ṣe máa ń wò mí nídìí ẹ̀rọ. Gbogbo wọn náà ń wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́ kí ẹnìkan péré kọjá, wọ́n á ní Kọ́lá ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìyanṣẹ́lódì náà á sì tú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé Rájí ti búra. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà dára, nítorí ó wà lára mi. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀.

Ó dúró. Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó padà sáàárín èrò, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Fúnmi gbé kúlà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìgbìmọ̀ ya ìwé náà. Wọ́n gbé mi léjìká láti géètì dé etí omi. Ibi tí ẹ máa ń parí ìtàn sí nìyẹn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Fúnmi tún wá, kò sí ẹnìkan lórí ìlà. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjà ti parí, ẹ wá gba abẹ́rẹ́." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fún yín?" Èmi! Èmi tí wọ́n gbé léjìká! Mo lọ bá Rájí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Kọ́lá, jẹ́ ká sinmi ná. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ni." Fúnmi kò wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Kí ọdún tó parí, ikọ́ wọ ọgbà. A rò pé eruku pákó ni, ó ti mọ́ wa lára. Nígbà tí Rájí kò lè mí kanlẹ̀ mọ́, èmi àti ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

"Ó ti ká apá ẹ̀wù, dókítà," ni Ìyá Ṣùkúrà wí. Kò wo ojú mi.

Ọjọ́ karùn-ún ló kú.

Dókítà kò sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ ì bá gbà á là, ẹ má sì sọ pé èmi ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á náà ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ààbò tó wà, mo sì dá a dúró kí ẹnu ẹgbẹ́ wa lè ṣọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. A jèrè géètì. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò fi ègé ìwé lé òṣìṣẹ́ sẹ́yìn nínú ọgbà yẹn, bí wọ́n bá sì tún dán an wò lọ́la, èmi náà ni màá ṣáájú. Àwọn ìgbìmọ̀ jẹ̀bi: wọ́n bá wa lẹ́nu ohun tí à ń ṣe tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ìyà. Èyí tí a pàdánù ni ìlà yẹn, ìlà tí a fi ẹ̀rín tò, tí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í tú, tí èmi sì tú èyí tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ máa darí ẹgbẹ́ lẹ́yìn mi, bí èrò bá ń pariwo pé àwọn ò fẹ́, ẹ dá wọn dúró kí ẹ bi wọ́n léèrè. Àtẹ́wọ́ wọn á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Kò ní pa yín.

Lẹ́yìn tí a sin Rájí, mo lọ bẹ Fúnmi nílé ìwòsàn rẹ̀ pé kó padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n, kúlà ò wúwo," ó ní. "Ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ló wúwo."

Mo bá a gbé kúlà náà fúnra mi, mo sì jókòó tì í lábẹ́ àtíbàbà kí gbogbo ọgbà lè rí mi. Ọjọ́rú méjì, kò sẹ́ni tó wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Ṣùkúrà wọlé láti Makoko, aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀, èéfín ẹja lára aṣọ. Mo dìde fún un.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe yín ni mo wá bá."

Ó na apá, wọ́n gún un, kò mira. Nígbà tó ń dìde ni mo sọ ohun tí mo ti gbé sínú láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Ṣùkúrà, èmi ni mo dá a dúró."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì." Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. "Ó ní kí n má bá yín jà. Mi ò tíì dá a lóhùn."