Nọ́ọ̀sì Tó Ń Pe Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, a sì jọ gbé inú ilé kan náà nígbà tí a kọ́kọ́ dé Toronto, ní Kánádà. Nígbà tí agbára wa ká a láti ra ilé, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Newmarket ní àríwá Toronto, èmi àti ìdílé mi lọ sí Brooklin ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ní àdúgbò tuntun tí koríko kò tíì hù dáadáa níwájú ilé. Kò pẹ́ sí ara wọn tí àwa méjèèjì fi mú ìyá wa wá láti Nàìjíríà, tí àwọn méjèèjì sì gba káàdì ìlera tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú. Àìsàn kan náà ló tún ń ṣe wọ́n. Ọkàn wọn ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọn á máa mí hẹlẹ, ẹsẹ̀ wọn á wú.

Gbogbo nǹkan wa dọ́gba. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ìyá mi lọ kí wọn ní Newmarket. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu tíì ni fóònù ìyá ọ̀rẹ́ mi dún. Nọ́ọ̀sì kan ni, ohùn rẹ̀ sì ń jáde síta débi pé gbogbo wa ń gbọ́. Ó kí wọn bí ẹni tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ó ní òun rí i pé ara wọn wúwo sí i láàárọ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé wọn tó ń fi iye ránṣẹ́ sí òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ń kó sí wọn lára. Ó béèrè bí wọ́n ṣe sùn, bóyá bàtà wọn ń fún wọn. Ó ní òun ti bá dókítà wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ààbọ̀ kún oògùn tó ń lé omi jáde, ẹnì kan yóò sì yà wá wò wọ́n nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi dúpẹ́, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì padà sídìí tíì wọn.

"Nọ́ọ̀sì ta nìyẹn?" mo bi ọ̀rẹ́ mi. "Ti ọsibítù ni àbí ti dókítà wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ti gbogbo wọn ni. Ọsibítù, àwọn dókítà àdúgbò, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, gbogbo wọn ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan níbí. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, ìyókù ló ń rí i. Bí Màmá bá ṣàdédé padà sí ọsibítù, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ òun. Gbogbo wọn ni ìjọba máa bi."

"Alhamdulillah," mo wí. "Ó mà dáa o."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Kò tọkàn mi wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èmi àti ìyá mi ti jókòó látàárọ̀ di alẹ́ ní ọsibítù tiwa. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn àìsàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà ní yàrá kan, wọ́n tún un gbà ní èkejì. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn dókítà tó ń tọ́jú ìyá mi, mi ò tíì rí ìwé kankan láti ọsibítù nípa ohun tí wọ́n ṣe fún wọn.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà sílé, ìyá mi yọ bàtà wọn, wọ́n ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ojú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ń dán."

"Ara yín náà á yá, Màmá."

"Mi ò sọ pé kò ní yá. Mo kàn ní ojú wọn ń dán."

Látọjọ́ náà ni mi ò ti ní ìsinmi. Bí ọ̀rẹ́ mi bá fi fọ́tò ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ó wú. Bí kò bá wú, inú mi kì í dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Ilé wa tóbi ju tiwọn lọ, kò sì wú mi lórí mọ́.

Ìgbà náà ni ìpè wá sí ilé ìwòsàn wa pé ọsibítù àtàwọn dókítà apá ọ̀dọ̀ wa fẹ́ pàdé, kí àwọn náà lè dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi, dókítà àgbàlagbà kan tó ti ń dá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, ní òun ò lọ.

"Ọsibítù ló máa gbé gbogbo wa mì," ni ó wí. "Wọ́n á ba nǹkan jẹ́, wọ́n á ní kí n wá dáhùn fún un."

"Ẹ jẹ́ ká kàn lọ gbọ́ tẹnu wọn, Dókítà," mo wí. "Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, àwọn ni wọ́n máa pinnu fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó rò pé ire ilé ìwòsàn ló ká mi lára. Owú ló ń tì mí.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn ará ọsibítù jókòó sí apá kan, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé sí apá kejì, àwọn dókítà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Wọ́n jiyàn lórí kọ̀ǹpútà ta ni wọ́n máa lò. Wọ́n jiyàn lórí ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi bí aláìsàn bá kú. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó fẹnu kò pé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára nìkan. Wọ́n ní kí ẹnì kan wá láti Newmarket, kó wá sọ bí tiwọn ṣe rí.

Ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ibẹ̀, ni wọ́n rán.

Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé kan tó bá a mu gan-an, ó dúró síwájú àwọn ọ̀gá mi, gbogbo wọn ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn. Ó dùn mí débi pé mi ò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá fetí sílẹ̀ ni ìgbà tó ní níbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, nọ́ọ̀sì méjì máa ń lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan náà lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni ò ní lọ mọ́. Ó ní ìyá òun wà lára àwọn tí wọ́n gbàgbé bẹ́ẹ̀, tí omi tó kó sí wọn lára fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nínú ilé.

Mo lọ bá a níta lẹ́yìn ìpàdé. "O ò sọ fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ wí? Ìwọ náà ti ní tìẹ. Bí o bá sì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ńṣe lo máa ń wò wá bíi pé a jí nǹkan rẹ."

Mo ní kó bá mi kí ìyá rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ẹgbẹ́ tiwa ti dúró báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tàsé. Nọ́ọ̀sì kan láti Philippines ló ń pe ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti dé ọsibítù gbẹ̀yìn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn bí fóònù náà bá dún.

Láìpẹ́ yìí, mo ń kó aṣọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún nọ́ọ̀sì náà lórí fóònù pé ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, nítorí ó ń ṣe wọ́n bíi pé àwọn ò ní jí. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo wọlé tọ̀ wọ́n.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi?"

"Ìwọ á máa sunkún," wọ́n wí. "Ọmọ mi yẹn tó ń pè mí, ó máa ń dákẹ́ gbọ́ tèmi ni."

Ọmọ mi yẹn. Mo kó aṣọ mi lọ sí yàrá mi, mo sì ń ká a ní wàràwàrà.