Àwọn Tó Ń Ṣèbẹ̀wò sí Yàrá Ìyá Mi

Ilé ìsinmi tí wọ́n kọ́ fún Ààrẹ lórí ilẹ̀ wa, n ò fẹ́ràn rẹ̀ rí, n ò sì ní purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Gbogbo ẹni tó bá ti wà lókè nínú ìjọba, Ààrẹ ni bàbá mi ń pè é, nítorí náà Ààrẹ lèmi náà máa pe tiwa. Ẹ má bi mí pé èwo nínú wọn. Abúlé wa ló wà níbẹ̀ kó tó dé, lẹ́bàá òkè olókùúta kan tí kò jìnnà sí Èrúwà. Ilé amọ̀ díẹ̀ ni, ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wa, iṣu àti gbágùúdá là ń gbìn.

Abúlé yẹn ni ìyá mi kú sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìbí ló pa á, tòun tọmọ. Àwọn aáfà kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sínú yàrá rẹ̀, níbi tó máa ń tẹ́ ẹní sí gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Òkú ẹni iyì, inú ilé ló ń sùn. Ẹni tí àrùn burúkú pa, ẹni tó pokùnso, àwọn ni wọ́n ń gbé lọ sínú igbó. Bàbá mi fi amọ̀ dí ojú ilẹ̀ náà, ó fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa á títí ó fi ń dán, àlejò ò lè mọ̀ pé wọ́n gbẹ́ nǹkan kan níbẹ̀. Orí ibẹ̀ ni mò ń sùn lálaalẹ́. Mo máa ń dojú bolẹ̀, màá sì máa rojọ́ ilé ìwé fún un.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba dé. Ọ̀gá wọn kí bàbá mi dáadáa, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ní itẹ́ òkú níbí?”

Inú bí bàbá mi. Itẹ́ òkú kẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ fi bú? “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ló wí. “A ò ní itẹ́ òkú. Kò sí ọmọ ilé wa tí wọ́n gbé jù sígbó rí.” Ó tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè pé níbo wá lẹ ń sin òkú yín sí, bàbá mi náà ò sì rò pé ó yẹ kéèyàn máa fi yàrá ìyàwó rẹ̀ han àlejò.

Ìgbà tí katakata tó fẹ́ wó ilé wa dé ló tó yé e. Ó sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ẹ dúró! Ìyàwó mi wà nínú ilé!” Awakọ̀ náà paná ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó wò yíká. Ó jáde, ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó padà gun katakata rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, àgbàlagbà mẹ́ta ló di bàbá mi mú.

A kó lọ sí Èrúwà. Ààrẹ náà ò tíì gbádùn ilé rẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà fi gbàjọba. Wọ́n ti ilé náà pa, koríko hù yí i ká. Nígbà tí mo ti di tíṣà ni ìjọba tún ṣí i, wọ́n ní ilé ìtàn ni. Ní gbogbo Sátidé, ọkùnrin kan tó ń bójú tó o á máa mú àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn àlejò káàkiri, á fi ibùsùn Ààrẹ hàn wọ́n, á fi tẹlifóònù rẹ̀ hàn wọ́n, á wá sọ̀tàn. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, “Igbó kìjikìji ni ibí yìí kí Ààrẹ tó dé.” Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kó kíláàsì mi lọ tí mo gbọ́ ọ, orí mi gbóná. Igbó kìjikìji wo? Mo já a nírọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo ní abúlé wa ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò bínú, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n mú bàbá mi wá.

Ikọ́ ti mú bàbá mi gbẹ nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé, pé kí wọ́n sin òun ti ìyá mi. Ó wọ agbádá ọdún Iléyá. Nígbà tó wọ pálọ̀ ńlá yẹn, ó wo òkè olókùúta láti ojú fèrèsé, ó sún díẹ̀, ó tún sún, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kan. “Ibí ni,” ló wí. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Obìnrin àlejò kan bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá, ìtàn gidi lẹ sọ yìí. A ó máa sọ ọ́ níbí.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Tí mo bá kú, ṣé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n tẹ́ mi tì í?”

Ọkùnrin náà wojú mi, ó wolẹ̀. Ó ní òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́ ní Ìbàdàn. Bàbá mi lọ, ó bọ̀, mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé wọn kì í sin òkú sínú ilé ìjọba.

Ó kú lásìkò òjò. A ò lè jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, a sin ín sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí láàárín àwọn tí n ò mọ̀. Mo sunkún títí, mo bú ìjọba, mo bú Ààrẹ, mo bú ẹni tó ṣe katakata.

Nígbà ọyẹ́, hẹdimásítà ní kí n tún kó àwọn ọmọ lọ. Mo ní n ò lọ. Ó ní iṣẹ́ ni. Ká má parọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ. Wọ́n mú un ṣẹ. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ igbó kìjikìji mọ́. Ó sọ ti katakata, ó sọ ti bàbá mi, ó tiẹ̀ ń fara wé ohùn rẹ̀. Àwọn àlejò ń mí kanlẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ súnmọ́ ibí dáadáa, kí gbogbo yín lè ríran.”

Wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan ń fò sókè sódò lójú ibẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo.

“Ẹ kúrò lórí ìyá mi!”

Ọkùnrin náà yára wá bá mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn wọ̀nyí ti wá. Ẹ lọ dúró síta díẹ̀, ẹ jẹ́ ká parí ètò.”

Ó sìn mí jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síta, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú, ó ń sọ irú èèyàn tí ìyá mi jẹ́ fún wọn.