Tíṣà Adéyanjú àti Ọtí Erékùṣù

Ọjọ́ tí Tíṣà Adéyanjú lé ẹnjiníà kan kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ ni gbogbo Òmù-Àrán fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ẹnjiníà náà wa jíìpù dúdú wá láti Ìlọrin, ó fẹ́ ra páálí jíìnì mẹ́ta fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Tíṣà bu díẹ̀ sínú ife kékeré fún un, nítorí òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì tọ́ ọtí òun wò kò lè rà á. Ẹnjiníà gba ife, ó da gbogbo rẹ̀ sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì na ife padà.

Tíṣà gba ife, ó nù ún, ó sì dé ìgò rẹ̀ padà.

"Ẹ máa lọ sílé, sà," ló wí.

"Kí n máa lọ sílé bí i ti báwo? Páálí mẹ́ta ni mo ní mo fẹ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbé e mì yẹn, ikọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó ń ta oògùn ikọ́ wà níwájú."

Ẹnjiníà fárí gá. Rúùtù, ìyàwó Tíṣà, bẹ ọkọ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, bọ̀rọ̀kìnní ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi imú wá ọ̀rọ̀ nínú ife bí ọmọ tó ń kọ́ á-bí-dí. Síbẹ̀ kò rí páálí kankan gbé lọ. Tíṣà ní ó fìdí rẹmi, kó padà wá tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ó sì padà wá.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìyẹ, òun ní tirẹ̀ ń ta jíìnì. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ọjà rẹ̀ ní ògógóró, ojú rẹ̀ á le. "Ògógóró ni bàbá tó bí i," ni yóò wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lọ sí yunifásítì."

Obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Caroline ló ń sè é, lórí erékùṣù kékeré kan láàárín odò Ọya, lọ́nà Share lọ́hùn-ún. Ẹmu ògùrọ̀ ló fi ń sè é, á wá fi ẹ̀ẹ̀rù, atalẹ̀, ewé tíì àti èèpo ọsàn sí i. Ìgò díẹ̀ ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, Tíṣà nìkan ló sì ń kó o wá sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tíṣà bẹ̀rù omi bí ológbò. Bó bá ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á fi táwẹ́lì bo orí, á sì máa kọ orin ìsìnkú títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àfísù ló máa ń fi mọ́tò gbé e dé etídò. Mùsùlùmí òdodo ni Àfísù, kò fọwọ́ kan ọtí rí. Yóò jókòó sábẹ́ igi, yóò máa fa tẹ̀sùbáà títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò fi dé. "Tíṣà," ló wí fún un lọ́jọ́ kan, "bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ẹja ni n óò sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì pé o lọ rà."

Ṣọ́ọ̀ṣì kúkú ti gbọ́. Pásítọ̀ wá sílé wá bá a wí, pàápàá bí Rúùtù ṣe jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Tíṣà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá gbé ife kan síwájú rẹ̀. "Mi ò ní kí ẹ mu ún, Pásítọ̀. Ẹ kàn gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wàásù lé lórí." Pásítọ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ó dijú, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, orí ìfẹ́ ọmọnìkejì ló ti wàásù.

Ọdún bí i méjì kó tó kú, àìsàn kan dá Tíṣà dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn mọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ adùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wà ló tú àṣírí rẹ̀ fó. Rúùtù ti ìta dé, ó bá ìkòkò ẹ̀wà tó ti jó di èédú, Tíṣà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ṣé oúnjẹ ti fẹ́ jinná?" Tíṣà bi í.

Rúùtù bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

"Má sọ fún wọn, Rúùtù," Tíṣà wí. "Bí wọ́n bá gbọ́, kí ni mo kù fún?"

Ó ń ta ọjà lọ, ó ń fi ìrántí júwe ọtí fún àwọn oníbàárà, kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà tún lọ sí erékùṣù, Rúùtù bá a lọ. Caroline bu ọtí tuntun fún un. Tíṣà tọ́ ọ wò, ó mi orí. "Èèpo ọsàn inú eléyìí lágbára," ló wí.

 Ọsàn ti kásẹ̀ nílẹ̀ lásìkò náà, Caroline kò fi èèpo kankan sí i. Ó wo Tíṣà, ó wo Rúùtù.

Rúùtù gba ife lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Kò mu ọtí rí láyé rẹ̀. Ó fi ẹnu kàn án, ojú rẹ̀ ṣe omi, ó gbé e mì.

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ yéé dán Caroline wò," ló wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọsàn níbẹ̀. Atalẹ̀ ló pọ̀."

Tíṣà gbé àgbọ̀n sókè. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Caroline yóò jẹ́wọ́ ni."

"Ọwọ́ yín bà mí, sà," Caroline dáhùn, ó sì yí ojú sí odò.

Láti ọjọ́ náà, Rúùtù ló ń tọ́ ọtí wò. Á wọ ẹ̀yìn ìsọ̀, á fi ẹnu kàn án, á sì sọ ohun tó bá níbẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí. Tíṣà á wá jáde sí àwọn oníbàárà, á júwe rẹ̀ bí ẹni tó kà á nínú Ìwé Mímọ́. Bí Rúùtù bá sì ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó ní láti kọ́kọ́ jẹ gúgúrú kí òórùn ọtí má baà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Tíṣà kú, kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Caroline fi ìgò tuntun kan ránṣẹ́. Rúùtù jókòó tì í, ó tọ́ ọ wò.

"Báwo ló ṣe rí?" Tíṣà bi í.

Ó ti sú Rúùtù láti máa dárúkọ ewé àti egbò. "Ó rí bí ọjọ́ tí òjò dá, tí ẹ fi kẹ̀kẹ́ gbé mi bọ̀ láti Agbamu, tí àwa méjèèjì ṣubú sínú koríko."

Tíṣà yí orí rẹ̀ sí i.

"Ìyẹn ò ní yé àwọn oníbàárà," ló wí. "Sọ fún wọn pé ewé tíì ni."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣùgbọ́n tún un sọ fún èmi."

Rúùtù tún un sọ. Ó sọ bí ẹrẹ̀ ṣe kun aṣọ funfun òun, àti bí Tíṣà ṣe kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ dìde kó tó rántí pé ìyàwó wà nílẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó fa èémí wọlé jẹ́jẹ́, ó ní òun ń gbọ́ òórùn koríko náà. Rúùtù kò bá a jiyàn.